Owó Tí Kò Tán Láti 1873: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Owó Ọsibítù ní Baltimore

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Èmi ni akọ̀wé kọ̀mítì tí ìlú wa gbé kalẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn láti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. A ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ tìlù-tìfọn. A pe àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, a pe àwọn tó wà ní Kánò, a tilẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà ní Ìlú Òyìnbó. Owó wọlé. Alága ọjọ́ náà dá tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dá tirẹ̀, ẹgbẹ́ aláṣọ dá, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ dá, àwọn ọmọ ilé-ìwé mi pàápàá da owó wẹ́wẹ́ jọ sínú agolo mílíìkì. Láàárín ọdún kan àbọ̀, ilé ti dúró: òrùlé pupa, ọ̀dà funfun, fèrèsé onígíláàsì, àti orúkọ àwọn tó dáwó jù lọ lára òkúta mábù lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ ìṣílé a jẹ, a mu, a jó.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kò sí òògùn níbẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì tí a gbà síṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà fún oṣù mẹ́ta, ó bá tirẹ̀ lọ. Epo tí a ó rọ sínú ẹ̀rọ iná kò sí. Ní òru ọjọ́ kan nínú òjò, wọ́n gbé aboyún kan dé ibẹ̀, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ìlú kejì. Ọlọ́run yọ ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kò bá a padà wálé.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ìyá àgbà kan tó ń ta epo pupa dìde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Owó tí gbogbo wa dá yìí, ṣé èrè rẹ̀ lẹ fi kọ́lé ni, àbí ojú owó?" Mo ní ojú owó ni. Ó ní, "Ó ti tán nìyẹn. Bí mo bá fi ojú owó epo mi ra aṣọ, kí ni màá gbé lọ sí oko epo ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀?" Ó jókòó. Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn, èmi akọ̀wé gan-an kò sì lè gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló lé mi dé ìdí ìwé, nítorí pé àwọn ọmọ ìlú wa tún ti gbé ọ̀ràn mìíràn dé báyìí. Wọ́n ní kí a pawọ́ pọ̀ kí a ran wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní ọsibítù yunifásítì kan tó wà nítòsí wa, níbi tí a máa ń gbé àwọn ọmọ wa lọ bí àìsàn bá le. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n mo ti búra pé n kò tún ní jẹ́ akọ̀wé kọ̀mítì tó ń jẹ ojú owó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é, mo sì bá ìtàn ọsibítù kan pàdé ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé owó oníṣòwò kan ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, tí owó náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní olónìí.

ONÍṢÒWÒ TÍ KÒ NÍYÀWÓ

Johns Hopkins ni orúkọ oníṣòwò náà. Ẹ má ṣe rò pé ìwé ìròyìn ló ṣàṣìṣe lórí "s" tó gbẹ̀yìn Johns: orúkọ ìdílé ìyá ńlá kan nínú ẹbí wọn ni wọ́n fi sọ ọmọ náà. Ọdún 1795 ni wọ́n bí i sí oko tábà kan ní ìpínlẹ̀ Maryland. Onígbàgbọ́ ìjọ Quaker ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé kí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lóko. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó lọ sọ́dọ̀ arákùnrin bàbá rẹ̀ ní ìlú Baltimore láti kọ́ òwò ọjà oúnjẹ.

Ibẹ̀ ló ti mọ òwò ṣe, ibẹ̀ náà ló sì ti rí Elizabeth, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ yìí. Ìfẹ́ wọ àwọn méjèèjì lára, ṣùgbọ́n òfin ìjọ Quaker kò gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fẹ́ ara wọn. Hopkins kò fẹ́ ẹlòmíràn títí ó fi kú, Elizabeth náà kò lọ́kọ títí tirẹ̀ fi dé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá ojú ìwé ìtàn ìfẹ́ kọ́kọ́ kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wá rí i pé bí kì í bá ṣe ti ìfẹ́ tí kò bọ́ sí i yìí, bóyá àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ì bá pín gbogbo owó náà mọ́wọ́.

Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ dá ilé ìtajà tiwọn sílẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ kò bá lówó lọ́wọ́, wọ́n a fi ọtí wíìsìkì san gbèsè, Hopkins a sì tún un tà lórúkọ ara rẹ̀. Èyí mú kí ìjọ lé e fún ìgbà díẹ̀. Láti ìdí ọjà ó bọ́ sí ìdí báǹkì, ó ra ilé àti ilẹ̀ káàkiri ìlú, ó sì ra ìpín tó pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Baltimore and Ohio. Ní 1857 àti ní 1873, nígbà tí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà há, owó ara rẹ̀ ló fi dúró fún un.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ròyìn pé láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti kórìíra òwò ẹrú. Ní oṣù Kejìlá 2020, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kéde pé àwọn rí i nínú ìwé ìkànìyàn ìjọba pé ẹrú kan wà nínú ilé rẹ̀ ní 1840, àti mẹ́rin ní 1850. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn olówó, kí ó sọ ọ́ tán, nítorí náà ni mo ṣe fi í sí i.

Ní 1867 ó fi orúkọ àjọ méjì sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọ̀kan fún yunifásítì, ọ̀kan fún ọsibítù, ó sì yan àwọn alámòójútó méjìlá méjìlá fún wọn. Àwọn kan nínú wọn wà nínú àjọ méjèèjì. Oníṣòwò ni àwọn ẹlòmíràn, agbẹjọ́rò ni àwọn mìíràn. Nígbà tó kú ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá 1873, ìwé ìhágún rẹ̀ fi mílíọ̀nù 7 dọ́là sílẹ̀ fún àjọ méjèèjì, ìdajì fún èyí, ìdajì fún ìyẹn. Kò tíì sí ẹni tó fi irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà títí di ìgbà náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ló ti kọ lẹ́tà sí àwọn alámòójútó ọsibítù. Ó ní kí wọ́n gba àwọn tálákà ìlú láìgba owó lọ́wọ́ wọn, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ọmọdé tàbí àgbà, aláwọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ dúdú. Ó ní kí ọsibítù náà di ara ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà tí mo kà á, ìyá elépo wa ni mo rántí. Ó ní kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ojú owó láti kọ́lé. Èrè tí owó bá mú wá lọ́dọọdún ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́. Bí àgbẹ̀ bá wa iṣu, a yọ èbù sọ́tọ̀ kí ó tó fi ẹnu kan ìyókù. Bí ebi tilẹ̀ ń pa ilé, kò jẹ́ fọwọ́ kan èbù. Àwọn alámòójútó Baltimore ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dọ́là lọ́wọ́ fún ọsibítù. Wọ́n lè kó o jáde lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi kọ́ ilé ńlá láàárín ọdún méjì, kí wọ́n sì fọn fèrè. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ní 1877, wọ́n ń gba owó ilé tí wọ́n fi háyà àti èrè ìpín ìdókòwò, wọ́n ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, dókítà ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ John Shaw Billings ló ya àwòrán ilé náà fún wọn. Oṣù Karùn-ún 1889 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọdún méjìlá! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ti parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé náà ná wọn ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ, síbẹ̀ ojú owó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, tó ń bímọ láti fi san owó nọ́ọ̀sì àti láti fi ra òògùn fún tálákà.

Mo mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ ìlú wa ni, kí ọdún kẹta tó pé a ó ti máa pariwo pé wọ́n ti kó owó jẹ.

Wọ́n gba àwọn aláwọ̀ dúdú lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rúndún ogún fi jìnnà. Inú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni Henrietta Lacks kú sí ní 1951, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tí wọ́n mú nǹkan lára rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń lò ó fún ìwádìí ìṣègùn káàkiri ayé títí di òní. Ìwé ìhágún lè pàṣẹ bí wọn yóò ṣe ná owó. Kò lè pàṣẹ fún ọkàn ènìyàn.

ÀWỌN OBÌNRIN MẸ́RIN

Ìdajì tó jẹ́ ti yunifásítì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yẹn, Hopkins sì ti gba àwọn alámòójútó níyànjú pé kí wọ́n má tà á. Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìgbà tó di òpin ọdún 1880 sí 1889, ilé-iṣẹ́ náà dákú, kò pín èrè mọ́, owó yunifásítì sì gbẹ. Wọ́n ti gba àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn tó lórúkọ, ọsibítù ti ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tó fà á: wọ́n kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọkọ̀ náà sì takú lọ́nà.

Àwọn tó yọ wọ́n nínú ọ̀fìn yìí ni ọmọbìnrin mẹ́rin tó jẹ́ pé ọmọ àwọn alámòójútó fúnra wọn ni wọ́n: Mary Garrett, Carey Thomas, Mary Gwinn àti Elizabeth King. Ní 1890 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti kó owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Wọ́n dá kọ̀mítì sílẹ̀ ní ìlú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Caroline Harrison, ni olórí ti Washington. Ẹ wo ọgbọ́n wọn: wọn kò dúró sójú kan pe olówó wá, ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi àwọn tó mọ ará wọn sí, kí ẹni tó bá ń tọrọ lè mọ ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ní 100,000 dọ́là.

Àmọ́ wọn kò gbé owó náà kalẹ̀ lásán. Wọ́n ní, "Ẹ gbà á, bí ẹ bá lè gba obìnrin sí ilé-ẹ̀kọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń gba ọkùnrin." Nígbà yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó lórúkọ tó ń gba obìnrin kò wọ́pọ̀ rárá. Àwọn alámòójútó wo ara wọn lójú. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó náà kò tíì tó, 500,000 dọ́là ni yóò pé kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí bàbá ìyàwó kò fẹ́ fi ọmọ fún ni, tó wá ń bu owó lé owó.

Ní òpin 1892, Mary Garrett mú ìyókù wá nínú ogún tirẹ̀: 306,977 dọ́là. Bàbá rẹ̀, John Garrett, ló ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Baltimore and Ohio yẹn gan-an nígbà ayé rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló dá wọn dúró, ọmọ ọlọ́kọ̀ ló wá wà wọ́n jáde. Ó tún fi àdéhùn lé àdéhùn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ti gboyè yunifásítì, kí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ó sì gbọ́ èdè Faransé àti ti Jámánì. Ìtàn sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà, William Osler, fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀, Welch, pé orí ló yọ àwọn méjèèjì tó fi jẹ́ pé olùkọ́ ni wọ́n gbà wọ́n sí, nítorí pé bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọn kò ní wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1893 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógún. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ obìnrin.

Mo fẹ́ràn ohun tí àwọn obìnrin yìí ṣe, n kò sì ní fi bò. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àdéhùn nínú ọrẹ jẹ́ idà olójú méjì. Ní 1910, Abraham Flexner, ẹni tí àjọ Carnegie rán níṣẹ́, kọ ìwé kan lórí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, ó sì fi ti Baltimore yìí ṣe òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn ìwé náà, ẹni tó bá bá òṣùwọ̀n mu ni àwọn àjọ ńláńlá ń fún lówó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò dára púpọ̀ kógbá sílé, èyí dára. Ṣùgbọ́n nínú méje tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, Howard ní Washington àti Meharry ní Nashville nìkan ni Flexner ní kí wọ́n gbé dìde. Nígbà tí 1923 fi parí, àwọn méjì yìí nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹni tó ń dáwó ń fi owó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, owó náà sì lè tilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn.

INÁ

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì 1904, iná ńlá sọ ní àárín ìlú Baltimore, ó sì jó di ọjọ́ kejì. Ọsibítù kò jóná. Àwọn ilé tí ọsibítù ń gba owó háyà lórí wọn ló jóná, èyí tó lé ní ọgọ́ta. Èbù ni iná jó yìí o! Ìgbà náà ni John D. Rockefeller, oníṣòwò epo rọ̀bì, fi 500,000 dọ́là ránṣẹ́ kí iṣẹ́ tálákà má bàa dúró. Ní 1913, àjọ kan tí Rockefeller yìí dá sílẹ̀ tún fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là, lábẹ́ àdéhùn pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan yóò máa gba owó oṣù nìkan, wọn kò ní gba owó lọ́wọ́ aláìsàn sí àpò ara wọn mọ́. Inú àwọn dókítà mìíràn kò dùn sí i. Osler, tó ti lọ sí Oxford nígbà náà, kọ̀wé lòdì sí i.

Láti ìgbà ìpọ́njú wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe é lónìí, kì í sì í ṣe ní Baltimore nìkan. Owó tí ènìyàn bá fi ta ọrẹ fún ọsibítù yunifásítì kì í wọ inú àpò tí wọ́n fi ń ra ọṣẹ àti epo. Àpò ọ̀tọ̀ ni. Ní àwọn yunifásítì ìjọba, wọ́n tilẹ̀ máa ń dá àjọ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí owó ọrẹ má bàa dàpọ̀ mọ́ owó ìjọba. Ti Kansas, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1891, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àjọ náà ní àwọn alámòójútó tí kì í gba owó oṣù, ó ní kọ̀mítì tó ń bójú tó ìdókòwò, ó sì ń gba àwọn aṣírò-owó láti ìta wá yẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba lórí owó orí, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè kí ó sì kà á. Níbi tí mo ti ka èyí ni mo ti pa ìwé náà dé, tí mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rántí ìwé ìṣirò kọ̀mítì wa tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì akápò.

Ọrẹ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Bí opó kan bá fi owó sílẹ̀ fún àrùn ọkàn ní orúkọ ọkọ rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi kun ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ òwò, wọ́n a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí àjọ, wọ́n a pín in káàkiri: ìpín nínú ilé-iṣẹ́ lónírúurú, owó tí wọ́n yá ìjọba, ilé àti ilẹ̀. Kò ní jẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo mọ́. Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn a yọ nǹkan bíi dọ́là mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láti ná. Bí èrè ọdún náà bá jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́ta tó kù yóò padà sídìí ojú owó, nítorí pé ọjà ń wọ́n lọ́dọọdún, owó tí kò bá dàgbà ń kéré sí i ni. Kì í sì í ṣe iye tí owó jẹ́ ní ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣírò. Wọ́n a wo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n a mú agbedeméjì rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé ọdún tí ọjà bá kú ni wọn yóò lé nọ́ọ̀sì lọ.

Níbo ni wọ́n ti ń rí owó? Lọ́dọ̀ aláìsàn tí ara rẹ̀ yá, lọ́dọ̀ ẹbí ẹni tó kú tí wọ́n mọrírì ìtọ́jú, lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nínú ìwé ìhágún. Òfin ibẹ̀ náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá fi owó ta ọrẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọn yóò bu owó orí lé. Wọn kì í sì í fojú kéré owó kékeré. Ní 1965, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Hopkins ní ọdún tó ṣáájú fi dọ́là 5 ránṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Michael Bloomberg ni. Ó di olówó ńlá lẹ́yìn náà. Ní 2018 ó fún wọn ní bílíọ̀nù 1.8 dọ́là fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, ní 2024 àjọ tirẹ̀ tún gbé bílíọ̀nù kan kalẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà níbẹ̀ lè kàwé láìsan owó ilé-ìwé.

TIWA ŃKỌ́?

Ẹnì kan lè sọ pé Amẹ́ríkà ni Amẹ́ríkà, àwa kò ní Rockefeller. Òótọ́ ni pé ìjọba ló kọ́ UCH Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1957. Ṣùgbọ́n Wesley Guild ní Iléṣà, tó wà lábẹ́ ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì Ifẹ̀ lónìí, owó àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀. Olóògbé Olóyè Ṣùbòmí Balógun kọ́ ọsibítù ọmọdé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fà á lé Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́. A kì í ṣe ahun. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a bá dáwó, ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn la fẹ́ rí: ilé, ẹ̀rọ, ọkọ̀ tí a kọ orúkọ sí lára. Ta ló fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára owó oṣù nọ́ọ̀sì?

Ohun kan ṣì wà tó le fún wa ju fún wọn lọ. Náírà kì í dúró sójú kan. Bí a bá kó mílíọ̀nù mẹ́wàá sí báǹkì tó ń fún wa ní èlé díẹ̀, tí ọjà sì ń wọ́n ju èlé lọ, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, èbù náà ń jẹrà nínú àká ni. Nítorí náà, mo kọ sínú ìwé tí mo gbé lọ sí ìpàdé wa pé kí a má ṣe fi owó náà sójú kan: kí apá kan jẹ́ owó tí a yá ìjọba àpapọ̀, kí apá kan jẹ́ ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ti pẹ́, kí a sì fi apá kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá ọjà tuntun, kí a máa gba owó háyà rẹ̀.

Ìpàdé náà gbóná. Bàbá kan tó ti dáwó púpọ̀ nígbà ti ilé ìgbẹ̀bí ní, "Tíṣà, ìwọ fẹ́ kí a dáwó lónìí kí àwọn ọmọ máa kú títí di ọdún tó ń bọ̀ kí èrè tó wọlé?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ọmọ tó ń ṣàìsàn lónìí kò lè dúró de èlé. Mo ní kí a pín in: ìdá mẹ́rin owó tó bá wọlé, kí a fi ọ̀kan ra ohun tí wọ́ọ̀dù náà nílò báyìí, kí mẹ́ta tó kù di ojú owó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí ó wà lábẹ́ òfin, kí alámòójútó jẹ́ méje, kí agbẹjọ́rò kan àti ẹnì kan láti ọsibítù wà níbẹ̀, kí a máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú ní ìdajì ọdún. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbẹ̀yìn, méjìlélọ́gbọ̀n nàwọ́ sókè pé àwọn gbà, mọ́kàndínlógún kọ̀. Bàbá yẹn wà lára àwọn tó kọ̀, n kò sì lè bá a bínú.

Ìyá elépo kò tíì sọ̀rọ̀ títí di ìgbà náà. Ó wá béèrè pé nínú àwọn alámòójútó méje náà, obìnrin mélòó ni yóò wà níbẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ní, "Màmá, a kò tíì yàn wọ́n." Ó ní, "Ẹ kọ méjì sílẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ ọkùnrin kankan." A kọ ọ́. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sórí tábìlì, ó ní kí n kọ rìsíìtì fún òun, kí n sì kọ ọ́ sí i pé ojú owó ni.